Wáyà Nìkan Ni Mo Sin

Ọmọ mi Oníwáyà,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Mo gbọ́ pé wọ́n ti pè ọ́ pé Bàbá Kékeré sin ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí o fi ránṣẹ́ sílé, pé mo gbẹ́ ilẹ̀, mo gbé e sínú rẹ̀, mo sì da omi lé e lórí. Irọ́ ni. Wáyà rẹ̀ nìkan ni mo sin. Ti omi yẹn jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ó nídìí.

Ó yá, mo kí ọ. Ṣé ọwọ́ tí o fi irin gbígbóná jó lọ́jọ́sí ti san? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn máa ṣọ́ ìwọ tí o kì í sùn. Ìyàwó mi kí ọ. Ẹ̀ẹ̀rùn mú wa gan-an, kànga ti jìn débi pé okùn ń rí omi kí àwa tó rí i. Ara wa le.

O rántí pé ẹ̀rọ rẹ kọ́kọ́ dójú tì wá ní ìpàdé àwọn òbí ní ilé ìwé. Díjéè so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, Tíṣà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó ti fẹ̀yìn tì, gba máíìkì, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hùùù bí ẹni tí inú ń run. A kò gbọ́ ohun tí Tíṣà sọ, àwọn kan sì ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dùn jù láyé nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì ó pe ẹbí jọ. Ó ní ariwo ni o ń tà nígboro, pé kí o máa bọ̀ wálé wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ìyàwó òun. Mo ní ọmọ mi kò ní bọ̀. Ó ní ọmọ ta? Mo ní ọmọ mi ni, láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, ẹni tó bá rò pé mo kéré jù kó wá wọ̀n mí. Ó ní ó dáa, wọn yóò tún so ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ ìparí sáà, bó bá tún kùn, o ń bọ̀ nìyẹn. Mo ní mo gbà. Mi ò bi ọ́ kí n tó gbà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi. Mo wá ka àwọn tó dúró tì mí: ìyàwó mi àti díjéè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rọ ni díjéè dúró tì.

Ìgbà náà ni mo kọ̀wé sí ọ. O fèsì pé ohùn tó wọ inú máíìkì kéré bí ohùn ẹni tó ń tọrọ gáfárà, pé ìwọ lo tún inú ẹ̀rọ ṣe kó lè gbé ohùn náà dìde kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn sípíkà. O ní ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan, jẹnẹrétọ̀ ni kò ní ilẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná tó ń fa ariwo lè gbà wọ inú ilẹ̀ lọ, kí a gbá irin gígùn wọlẹ̀, kí a so wáyà jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù díjéè. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ nítòsí ibẹ̀ bá mi gé irin. Ariwo náà dínkù, kò tán. Mo jókòó, mo rò ó. Kí ni èèyàn máa ń gbìn lẹ́ẹ̀rùn tí kì í bomi rin? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn obìnrin ìdí kànga ní kí n má gbàgbé ajílẹ̀, pé ó máa so ìṣó lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní bó bá so, mi ò ní fún wọn níbẹ̀. Ariwo sì tán.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Díjéè máa ń fi nǹkan dí etí kan, ó ń mi orí. Mo rò pé ìwọ ló ń bá sọ̀rọ̀, mo ní kó kí ọ. Ṣé ó kí ọ?

Ọjọ́ ìparí sáà pé. Ilẹ̀ ilé ìwé yẹn gbẹ, ó sì le bí ọkàn àwọn ará ilé wa. Wẹ́dà lu irin títí ó fi wọlẹ̀, a so wáyà, ẹ̀rọ sì tún ń kùn. Tíṣà ká apá sáyà, ó ń wò mí. Mo sáré gbé korobá lọ sí kànga, ìdí rẹ̀ já lójú ọ̀nà. Mo padà lọ, mo fi ọwọ́ dí i. Ìyàwó mi gbé abọ́ tẹ̀lé mi. Mo kà á mọ́ àwọn tó dúró tì mí. Wẹ́dà fi agolo bu tirẹ̀, mo kà á. Díjéè ṣí fìlà, ó fi bu omi. Obìnrin tó ní kí n fi ajílẹ̀ sí i gbé kẹ́tùlù dé, ó ń bú mi bọ̀ lọ́nà. Nígbà tí mo rí ìyàwó Tíṣà fúnra rẹ̀ tó gbé báàgì sílẹ̀, tó ru omi, mi ò kà mọ́.

A da gbogbo omi náà sí ìdí irin, kíkùn ẹ̀rọ sì dákẹ́. Tíṣà gba máíìkì, a gbọ́ ọ títí kan ìgbà tó ń gbé itọ́ mì. Ó pẹ́ kó tó jókòó. Nígbà tó jókòó, ó ní kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, ṣùgbọ́n kí o máa wá kí wa.

Fi owó korobá ránṣẹ́, èyí tó nípọn ni mo fẹ́. Bó bá sì ṣeé ṣe, ṣe bọ́tìnì kan sí ẹ̀rọ náà tó lè dín ọ̀rọ̀ Tíṣà kù láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ohùn rẹ kò ní há. Iná tí o fi ń ṣiṣẹ́ kò ní jó ọ. Ilẹ̀ tí o dúró lé á máa tutù, bí kò bá sì tutù, ránṣẹ́ sílé, a ó ru omi wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàbá Kékeré.