Ìdánwò Akọ̀wé

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ilé. Mo gbà pé ẹ̀yìn tó ń ro yín ti fúyẹ́, àti pé ẹ ti ń rí oorun sùn báyìí. Ara tèmi le. Ara ọmọ náà le.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni mo fẹ́ kọ, torí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Wọ́n ti ṣe ìdánwò kíláàsì kìíní. Wọn kì í ní kí àwọn ọmọ kékeré kọ nǹkan kan. Tíṣà á pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sídìí tábìlì, á bi wọ́n ní ìbéèrè, á sì máa fàmì sínú bébà. Ohun méjìlá ni wọ́n fi ń dán wọn wò. Nínú bébà tí Akọ̀wé mú wálé, mẹ́jọ ló mọ̀. Mẹ́rin tó kù, òǹkà ni gbogbo rẹ̀, tíṣà sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tíì mọ̀ ọ́n. Òfin wọn ni pé ọmọ tó bá pàdánù mẹ́rin á tún kíláàsì náà ṣe.

Òǹkà kẹ̀? Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bọ́tìnnì ni ilé iṣẹ́ ń kó fún mi, èmi ni mò ń rán an mọ́ páálí, mẹ́rìnlélógún lórí páálí kan. Ọmọ yìí ló ń bá mi tò ó sórí àmì tí wọ́n tẹ̀ sí páálí náà, kí n tó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Tó bá tò ó tán, á ní, "Màmá, ó pé." Kò ṣì í rí. Ogójì páálí lójúmọ́: ẹgbẹ̀rún bọ́tìnnì ó dín ogójì ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Mo ti ṣírò rẹ̀ fún gbogbo ará àdúgbò.

Mo fi iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ sílẹ̀, ogún páálí, mo lọ bá tíṣà. Mo bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ òǹkà. Kò bínú. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó sẹ́yìn, màá tún un ṣe lójú yín. Ẹ ṣáà má bá a dáhùn. Màmá tó wá lánàá ló dáhùn gbogbo rẹ̀ tán, díẹ̀ ló kù kí n gbé màmá náà fúnra rẹ̀ lọ sí kíláàsì kejì."

Mo jókòó sórí àga àwọn ọmọ, orúnkún mi kan àyà. Ìdérí ìgò kún abọ́ kan lórí tábìlì. Tíṣà ní, "Fún mi ní mẹ́tàlá." Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, mẹ́rin mẹ́rin bíi ti orí páálí, ó gún régé. Ó dúró. Ó ní, "Ó pé, mà." Mo ti fojú kà á: mẹ́rìnlélógún. Tíṣà kó o padà sínú abọ́. "Fún mi ní mẹ́jọ." Mẹ́rìnlélógún. "Mélòó lèyí?" "Ó pé, mà." Tíṣà bojú wò mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Láti ọdún kan ààbọ̀ tó ti ń bá mi ṣe é, mi ò bi í rí pé mélòó ni. "Ṣé ó pé?" nìkan ni mò ń bi í. Kò ka bọ́tìnnì rí. Ó ń fi bo àmì ni. Èmi ni mò ń kà.

Mi ò sunkún. Ó kàn dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú, téèyàn ò tíì dìde. Mi ò mọ̀ bóyá ó dùn mí. Tíṣà ti bébà sí mi, mo fọwọ́ sí i pé kó tún kíláàsì kìíní ṣe. Lọ́nà, Akọ̀wé bi mí pé, "Màmá, ṣé mo tò ó dáadáa?" Mo ní ó tò ó dáadáa. Inú rẹ̀ dùn, ó ń fò lọ níwájú mi. Mi ò tíì sọ fún un.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí ìròyìn ayọ̀ máa wọlé tọ̀ yín.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Ìyá Akọ̀wé

Àfikún: Ẹ má tíì ra ìwé kíláàsì kejì tí ẹ ṣèlérí. Ti kìíní ṣì dára. Ojú ewé méjì péré ló ya, mo ti lẹ̀ ẹ́.