Àga Yín Tí Kò Sí Mọ́ Ní Àárín Pálọ̀

Bàbá mi àtàtà,

Ara wa le níbí. Orúnkún nìkan ló ń da Màámi láàmú. Àbúrò mi fẹ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí a sì ta ilé Rumuibekwe yìí. Màámi ò fẹ́ lọ, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀. Èmi ti gbà pé ká tà á. Ilé ni, kì í ṣe ènìyàn.

Físíìsì ni mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Rumuokoro. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ la dé. Mo ṣàlàyé pé agbára tó ń fa ọsàn bọ́ sílẹ̀ láti orí igi náà ló ń mú kí ìràwọ̀ máa yí àárín agbo wọn po. Èyí tó wà létí agbo jìnnà sí àárín, ó yẹ kó máa rọra rìn. Kò rọra rìn o. Eré tó ń sá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tàwọn ti inú dọ́gba, ó yẹ kó ti já lọ. Ọmọbìnrin kan nawọ́: “Aunty, wetin come hold am?” Mo ní ohun tó dì í mú ni nǹkan tó wúwo tí ojú kankan kò rí, àwọn onímọ̀ pàápàá ò tíì mọ ohun tó jẹ́. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ rántí àga yín? Àárín pálọ̀ gan-an, lábẹ́ fáànù, iná ì báà wà, kó má wà. Ẹ ó ti ibi iṣẹ́ ní Trans-Amadi dé, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ta ló jẹ́ dá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kọjá? Ẹ̀yìn àga la máa ń yí gbà dé kíṣìnì, tàwo-tàwo lọ́wọ́. Ó máa ń bí mi nínú. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri?

Lẹ́yìn tí a sin yín, ikán jẹ àga náà, a sì fi dáná. Ilẹ̀ lásán ló kù níbẹ̀.

Lánàá, ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé wá. Mo ń mú un lọ wo kíṣìnì. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé mo ti yí gba ibi tí ẹ̀yìn àga máa ń wà, òun náà sì ń yí bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń yẹra fún nǹkan tí kò sí. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí! Àárò yín sọ mí, Bàbá, ó sọ mí gan-an. Màámi ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Mo bẹ ọkùnrin náà pé kó má bínú, a ò tà á mọ́.

Láàárọ̀ yìí mo gbìyànjú láti gba àárín pálọ̀ kọjá tààrà. Ẹsẹ̀ mi kọ̀.

Èmi ọmọ yín, tó ṣì ń gba ẹ̀yìn kọjá.