Ìkarahun Tó Mọ̀nà Igbó

Ìgandó,
Oṣù Kìíní, 1986.

Zacchaeus ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ pẹ̀lú ojú rẹ méjèèjì. Tèmi, ọ̀kan ló kù tó ń ríran. Bí ìgbà tí ọyẹ́ bolẹ̀ ni èkejì ń rí. Bó o bá fẹ́ bínú, bínú lọ, torí ìwọ ni mo bá wí.

O ti ń sọ kiri ní Ṣáṣá pé ìbọn mi ló ṣe mí léṣe. Irọ́ lò ń pa! Ìkarahun ọta ni, idẹ tí wọ́n ti yìn rí tó o tún rọ ẹtù sí fún mi. Ìdájí ni, létí odò ẹ̀yìn Ìgandó níbí. Ọyẹ́ funfun bo igbó bíi sùtánà àwọn aládùúrà. Ìgalà kan jáde, ó tẹrí ba, ó rọra ń mumi bí ẹni ń gbàdúrà. Mo ki ọta sínú raifù, kò fẹ́ wọlé. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ: "Tì í jàre! Ìkarahun tó bá ti pa ẹran rí ti mọ̀nà igbó." Mo tì í, mo yìn ín. N ò tiẹ̀ gbọ́ ìró. Ẹ̀yìn ìbọn ni iná gbà, ojú mi ló wọ̀. Gbogbo ayé funfun. Mo rí bàbá mi tó ti kú, ó jókòó sórí omi, ó ń nu ìbọn ẹ̀, kò wò mí.

Látìgbà yẹn, ẹ̀bá fèrèsé ni mò ń dùbúlẹ̀ sí, tí mò ń yí ìkarahun yẹn lọ́wọ́ bí ẹni ń lálàá. Ẹnì kankan ò kọ́ mi, mo fojú kan yìí rí i ni. Zacchaeus, ta ló sọ fún ọ pé idẹ ní ọpọlọ? Gbogbo ìgbà tá a bá yìn ín ló ń wú, tó ń fẹ́lẹ́, bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí iná. Ìlà dídán tẹ́ẹ́rẹ́ á wá yí ìdí ẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọge. Èyí tó bá nílà yẹn, tí ẹnu ẹ̀ sán, tàbí tí kò fẹ́ wọlé, má tì í, sọ ọ́ nù!

Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé lẹ máa yìnbọn ẹ̀yẹ fún Bàbá Ọláníyan, olórí àwa ọdẹ tó kú l'Ábúlé Ẹ̀gbá, pé agolo àwọn ìkarahun "tó mọ̀nà" yẹn lo fẹ́ pín fáwọn ọdẹ. Ṣé ojú àwọn ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ fi sin òkú ni?

Kẹ́mi ìyàwó mi ló mú lẹ́tà yìí wá. Kò ní jókòó, kò ní mu omi rẹ, àfi tó o bá kó agolo yẹn lé e lọ́wọ́. Ṣáláńgá wa jìn. Ọ̀nà ibẹ̀ ni kí wọ́n lọ mọ̀.

Ọlọ́run á dá ojú rẹ sí, wàá fi rí ọmọ ọmọ rẹ. Ohun tó o yìn síwájú ò ní padà sí ọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó fẹ́ràn rẹ débi ìbínú,
Adéríbigbé.

Àfikún: Ìgalà yẹn ṣì ń wá mumi. Láàárọ̀ yìí, mo rọra táṣẹ̀ lọ sétí odò, èmi àti ẹ̀ jọ wo ara wa títí. Ìkarahun mi wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Gbé e sójú oòrùn, kó o yọjú wo inú ẹ̀. Ibi tó o bá ti rí i tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ibẹ̀ ni ojú mi gbà lọ.