Ẹsẹ̀ Tí Ìròyìn Kò Dé Mọ́

                                        Ẹ̀gbẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ọkọ Mi,
                                        Yàrá Àwọn Ọkùnrin,
                                        Ilé Ìwòsàn Ńlá.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti fi ìrákòrò sílẹ̀? Ikọ́ tó ń yọ màmá lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Má bínú pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi o ò gbúròó mi. O mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

O mọ̀ pé iṣẹ́ kíkó ẹrù ilé fún àwọn tó ń kó lọ síbòmíràn ni ọkọ mi ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń gbé fíríìjì kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó tẹ ẹ̀yìn, ó gbé e, ó sì yí ara padà lójijì pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Ó ní òun gbọ́ "fàà" nínú ara òun, bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya. Ó bi ẹnìkejì rẹ̀ bóyá ó gbọ́. Ìyẹn ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀rín ni àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń rín nígbà tí wọ́n mú un wálé. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó tuntun, ẹ rọra o! Ẹ̀yìn ọ̀gá wa kì í ṣe irin!" Ìyá ọkọ mi gan-an pàtẹ́wọ́: "Ẹ bá mi bi í! Ọmọ mi ò pariwo ẹ̀yìn rí kó tó gbé ìyàwó." Mo wá ibi tí mo máa sá sí, mi ò rí. Láti ọjọ́ náà, èmi àti ọkọ mi ò lè dárúkọ ẹ̀yìn níwájú ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tó yá, ìrora náà kúrò lẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì, òun náà sì lọ. A dúpẹ́. Àṣé ohun tó rọ́pò rẹ̀ ló burú. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa lọ, kò ní mọ̀. Mo ṣèèṣì da tíì gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀ náà; awọ ń bó, òun ń bi mí bóyá ṣúgà ti tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, òun dùbúlẹ̀, ó dijú, èmi jókòó sórí àga, mò ń ká aṣọ. Mo rí i tó na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ ìbora, tó ń fọwọ́ pa nǹkan jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, kí ló dé tí ẹsẹ̀ rẹ tutù báyìí?"

Ó lajú, ó rí mi lórí àga. Ó wá rọra ṣí aṣọ ìbora. Itan ara rẹ̀ ló dì mú.

Ó tún ku kan. Ó máa ń pẹ́ ní ilé ìtọ̀, mo sì máa ń gbọ́ tí omi ń dà. Àfi lálẹ́ ọjọ́ Sunday náà tí mo rí i láàárín ilẹ̀kùn tí kò padé: ó kọjú sí ògiri, ó dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ ló ń ṣí kí n lè rò pé ó ń tọ̀. Ikùn rẹ̀ ti le bí bọ́ọ̀lù. Mi ò lè bi í. Òun náà ò lè sọ.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ sì bá wa lọ. Wọ́n ya fọ́tò inú ara rẹ̀. Dókítà, obìnrin ni, fi í há ara pátákó tó ń tan iná. Wò ó, mi ò tíì wo ẹ̀yìn ọkọ mi dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ rí, ojú ń tì mí. Egungun rẹ̀ ni mo wá kọ́kọ́ rí, tó gun orí ara wọn nínú òkùnkùn, bíi ti ẹni tó ti kú tipẹ́.

Dókítà ní láàárín egungun kan àti èkejì, tìmùtìmù kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn. Ìta rẹ̀ le, awọ ló wé mọ́ awọ yípo. Inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹyin tí kò jinná. Fíríìjì yẹn àti yíyí tó yí ló fa awọ náà ya, èyí tó rọ̀ sì yọ síta, ó ń tẹ àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ẹsẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ò ní àrùn kankan. Ìròyìn ni kò dé ibẹ̀ mọ́.

Ó wá bi í bóyá ó ń tọ̀ dáadáa, bóyá tó bá jókòó ó máa ń mọ àga lábẹ́ ara rẹ̀. Ọkọ mi wo ìyá rẹ̀. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Dókítà." Dókítà bá gbé bírò, ó ń kọ oògùn ìrora. Eyínfúnjowó, a fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá! Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là: "Irọ́ ni, mà. Kò tíì tọ̀ láti àná. Ẹ̀rọ omi ló ń ṣí."

Ìyá rẹ̀ ní, "Háà! Ìyàwó!" Ọkọ mi wò mí bí ẹni tí mo bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láàárín ọjà. Àmọ́ Dókítà ti ju bírò sílẹ̀. Ó tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó sì pariwo pe àwọn èèyàn. Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní ká ní a padà sílé, bóyá kò ní lè dá tọ̀ mọ́ láyé, bóyá kò sì ní rìn mọ́.

Nígbà tó jí, kò wo ojú mi. Ògiri ló ń wò. Mo ní mo ti ba ilé mi jẹ́.

Láàárọ̀ yìí ni nọ́ọ̀sì gbé omi wá pé kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ti ń ká apá aṣọ sókè nígbà tí ọkọ mi sọ̀rọ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀. Ìyàwó mi ni kó wẹ̀ mí."

Mo wẹ̀ ẹ́, nínú ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ òsì, àtàǹpàkò rẹ̀ mì lọ́wọ́ mi. Òun ò mọ̀. Mo sọ fún un, kò gbà gbọ́. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àwa méjèèjì ń wo ẹsẹ̀ náà bí àwọn tó gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ń retí kó tún un kàn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ wa jó. Ní kí màmá fi wá sínú àdúrà.

                                        Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
                                        Adúmáadán.