Àǹtí Ẹ̀bùn Kọ́ Ló Pa Ọmọ Yín

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi sí yín. Mo mọ̀ pé a kì í bá òkú jà, ṣùgbọ́n ta ni kí n bá jà? Ẹ̀yin lẹ dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀ kí ẹ tó lọ sinmi.

Mo bí ọmọkùnrin kan láìpẹ́ yìí. Kò tíì pé ọjọ́ kan tí itọ́ ti ń hó lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ. Bí mo bá fún un lọ́mú, á há a lọ́fun, ara rẹ̀ á sì dúdú. Nọ́ọ̀sì ní a ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan sí i lẹ́nu mọ́. Ọkọ̀ ojú omi la fi gbé e dé Igbókòdá, kí a tó wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù ńlá. Dókítà yàwòrán rẹ̀ fún mi sórí bébà: ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti ọ̀fun lọ sínú ikùn ló dí lágbedeméjì. Láti inú oyún ló ti rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe é.

Kò sẹ́ni tó ṣe é, Ìyá! Itọ́ tó ń hó yẹn náà ni mo rí lẹ́nu àbúrò mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Àǹtí Ẹ̀bùn, àbúrò bàbá mi, ló kọ́kọ́ kán omi sí i lẹ́nu, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ní kí wọ́n ṣe é, nítorí ẹni tí ìwà rẹ̀ bá wù wá là ń jẹ́ kó fún ọmọ lómi àkọ́kọ́. Omi há ọmọ lọ́fun. Ó kú lọ́jọ́ kẹta. Ẹ wá pe Àǹtí ní àjẹ́. Gbogbo Mahintedo ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lówe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, títí tẹ́nikẹ́ni ò fi ra ẹja yíyan Àǹtí mọ́. Wọ́n kó lọ sí Molutehin. Nígbà tí wọ́n fi ẹja ránṣẹ́ sí mi, ẹ ní kí n dà á sómi. Mo sì dà á, èmi òmùgọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣa eegun ẹja kúrò kí ẹ tó fi òkèlè sí mi lẹ́nu, báwo lẹ ṣe lè ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ tiẹ̀ ṣiyè méjì rí?

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi. Ó ti ń mu ọmú, ọ̀jẹun ni. Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé e lọ bá Àǹtí. Mo kúnlẹ̀ sórí pákó ẹnu ọ̀nà wọn, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Mo na ọmọ náà sí wọn, wọ́n sì yára kó ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn. Ìyá, láti ọjọ́ tí ẹ ti pè wọ́n ní àjẹ́, wọn ò tíì gbé ọmọ tuntun kankan.

Èmi ọmọ yín, tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.