Orúkọ Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì

Harrowfield, Massachusetts,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 1776.

Asahel, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara ń le? Ṣé atẹ́gùn òkun Halifax kò yọ àyà rẹ lẹ́nu? Àlàáfíà ni a wà níhìn-ín. Ikọ́ ìyá rẹ ti lọ. Èso ápù pọ̀ lọ́dún yìí, a sì ti ń fún ọtí rẹ̀. Àwọn àgbá tí o kàn gbẹ̀yìn ni a ń rọ ọ́ sí, kò sì sí ọ̀kan tó ń jò nínú wọn.

Ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà yìí kí ó tó kúrò níhìn-ín, nítorí náà mo ní láti kí àwọn náà. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ kú ìkàwé o. Díákónì Phelps, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ nu ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

N kò lè ráhùn. Èmi ni mo fi kálámù ara mi kọ òfin náà: ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀ láti tọwọ́ bọ ìwé májẹ̀mú ìlú, pé a kò ní mu tíì ọba mọ́, a ó sì gbára dì de àwọn ọmọ ogun rẹ̀, a ó kan orúkọ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ bá a rà, bá a tà, tàbí kọ̀wé sí i láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ rí i. Àwọn tó ń mu tíì ọba ní kọ̀rọ̀ ni mo ní lọ́kàn. N kò mọ̀ pé ọmọ bíbí inú mi ni yóò kọ́kọ́ mú. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Àárò ìwé kíkà wa ń sọ mí, Asahel. Nígbà òtútù, tí yìnyín bá dí ọ̀nà, ìwọ a máa ka ìwé àwọn onírònú òkè òkun sókè, èmi a máa fá pákó àgbá. Èmi ni mo kọ́ ọ pé òmìnira bá ènìyàn wáyé ni, kì í ṣe ọba ló fi ta á lọ́rẹ. Pé àdéhùn ni ìjọba, bí ọba bá sì da àdéhùn, ìlú lè gba àṣẹ rẹ̀ padà. Ìwọ a máa bi mí ní ìbéèrè lọ́tùn-ún lósì, títí ìyá rẹ yóò fi pariwo pé, “Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n ayé, ẹ̀wà ti ń tutù o!”

Ní ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé lóṣù kejì ọdún tó kọjá, mo na kálámù sí ọ níwájú gbogbo ìlú. O ní, “Bàbá, owó orí tí ọba ń gbà lórí tíì yẹn ń bí èmi náà nínú. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ká kó ìbọn jọ de ọba. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àṣẹ tí èèyàn ò bá fi tinútinú gbà, kì í ṣe àṣẹ. Ṣé ẹ máa wá fipá mú mi gba òmìnira ni?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gún mi lára, inú sì bí mi. Mo ní kí Díákónì kọ orúkọ rẹ. Nígbà tí ó ń wá òòlù kiri, èmi ni mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ mú tiwa wá, èyí tí àwa méjèèjì fi ń kan àgbá. Èmi ni mo kan orúkọ ọmọ mi mọ́ pákó.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an lo kó ẹrù lọ sí Boston. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba wọkọ̀ kúrò níbẹ̀, a gbọ́ pé o bá wọn lọ sí Halifax.

Lóṣù kẹjọ, pásítọ̀ ka ìwé ìkéde òmìnira tó ti Philadelphia wá. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi, nítorí òótọ́ ni, mo sì gbà á gbọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tó ti ní ọwọ́ àwọn ará ìlú ni ìjọba ti ń gba àṣẹ, mo bojú wo àyè rẹ lórí bẹ́ǹṣì. Ó ṣófo. N kò gbọ́ ìyókù.

Nítorí náà, mo ń sọ ọ́ gbangba kí ìgbìmọ̀ lè kà á. O ṣìnà nípa ọ̀rọ̀ ọba, olóríkunkun ọmọ ni ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ ni láti má gbà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Ojú rẹ ń wù mí í rí, àní àríyànjiyàn rẹ pàápàá.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọlọ́run tó mú àwọn baba wa la òkun kọjá yóò mú ìwọ náà la òkun padà, ara rẹ yóò le, èmi àti ìyá rẹ yóò sì wà láyé láti pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,
Jedidiah Stebbins.

Àfikún: Ìgbìmọ̀ ti kà á. Wọ́n ní kí n fi tàdáwà pa ibi tí mo ti tọrọ àforíjì rẹ́, pé ó ń dójú ti ìlú. Mo ní n kò gbà. Díákónì ní, “Arákùnrin Stebbins, ẹ ṣáà mọ ibi tí orúkọ ẹni tí kò bá gbà ń gbé.” Mo ní mo mọ̀ ọ́n, òòlù mi ló kan ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Nítorí náà, inú ìtẹ́lẹ̀ aṣọ Opó Thankful Pratt ni lẹ́tà yìí yóò wà nígbà tó bá ń kúrò nílùú. Ọmọ rẹ̀ tó ń pẹja létíkun mọ ọ̀nà Halifax. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti kan orúkọ mi mọ́ ilẹ̀kùn, lábẹ́ tìrẹ gan-an. Ìyá rẹ ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí àwa méjèèjì lójú kan.