Afeefah Pè Mí Ní Súìtì

Ràfíátù Àjọkẹ́ ọmọ mi ní ọjà Okaishie lẹ́yìn odi, asalamu alaekun. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ikrimah ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn oníbàárà ìpara ńkọ́? Ọjà kò ní kú mọ́ ọ lórí. Ara àwa náà le, àfi orókún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀ nítorí pé n kò gbé fóònù mọ́. Afeefah ọmọ rẹ ló ṣẹ̀ mí. Nígbà tí ẹ pè kẹ́yìn, o sáré lọ dá oníbàárà lóhùn, o fi fóònù lé Afeefah lọ́wọ́, o sì mọ̀ pé ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Mo ń ṣàdúrà fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ló bá ní, "Gáráńmà, yú áà súìtì." Súìtì kan ṣoṣo tí èmi mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà iléewé, tí wọ́n á lá tán, tí wọ́n á da ọ̀rá rẹ̀ nù. Mo bi Àkíbù àbúrò bàbá rẹ, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní bígí máànù abúlé, ó ní àbùkù ni ọmọ náà fi kàn mí. Mo sunkún, Àjọkẹ́. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti dún, mo máa ń fi gèlè bò ó kí ẹ má baà rí ojú mi.

Nígbà tó yá, mo ní bí wọ́n bá máa fi Gẹ̀ẹ́sì bú mi, kí n kúkú gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Mo wọ kíláàsì àgbà tí tíṣà Olúdélé ń ṣe nírọ̀lẹ́. Ó ní orúkọ ènìyàn, ibi tàbí nǹkan ni wọ́n ń pè ní náùn, èyí tó ń sọ bí nǹkan náà ṣe rí ni ájẹ́tífù. Bí mo ti gbọ́ àjẹ́ nínú rẹ̀, mo ní a'ùsù bílàhí, mo ká aṣọ mi jọ, àfìgbà tó bẹ̀ mí kí n tó jókòó. Ó ní nínú ewúrẹ́ dúdú, ewúrẹ́ ni náùn, dúdú ni ájẹ́tífù. Ìyẹn yé mi. Mo délé, mo sọ fún Àkíbù pé nínú bígí máànù, máànù nìkan ló tíì kàn án.

Mo wá bi tíṣà léèrè ọ̀rọ̀ súìtì. Ó ní bí mo bá rà á tí mo fi sápò, náùn ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi sọ bí ènìyàn ṣe rí, ó ti di ájẹ́tífù. Mo ní àṣé bíi tìrẹ ni, Àjọkẹ́, ọmọ ni ọ́ níbí, màdáámù ni ọ́ ní ìsọ̀ rẹ. Ló bá rọra sọ fún mi pé, "Ìyá, ọmọ yín kò pè yín ní ohun lílá. Ó ní ìwà yín dùn mọ́ òun ni." Mo tún sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún èyí yàtọ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó gíláàsì ojú ránṣẹ́, nítorí náùn àti ájẹ́tífù ń jọra lójú mi lára pátákó. Fi rán awakọ̀, má fi gba báńkì. Ẹ̀rọ wọn béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, mo pariwo rẹ̀ sí i títí, gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi ló gbọ́, ẹ̀rọ nìkan ni kò gbọ́.

Máa sọ Yorùbá fún Afeefah. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò lè tètè bá a.

Allah á ṣọ́ yín. Kò ní jẹ́ kí ìwọ àti ọmọ-ọmọ tìrẹ wá ògbufọ̀ kí ẹ tó lè bá ara yín ṣeré. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Tàíbátù